Korobá Tí Wọ́n Dojú Rẹ̀ Bolẹ̀

Èmi kì í tètè gbàgbé. Ọkọ mi mọ̀, àwọn ará ọ́fíìsì mi mọ̀, ìyá tó ń ta tòmátì ní Kubwa náà mọ̀, torí ó di èyí tó ti bàjẹ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan, mi ò sì gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá mọ́ títí di òní. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń ní kí n dárí jini, kí n fi ẹjọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo máa ń sọ pé mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èmi fúnra mi ni mo gbé e sínú, láti etí òkun kan ní gúúsù Ítálì dé Abuja tí kò ní òkun rárá, mo sì gbé e títí di ọjọ́ tí ọwọ́ mi fi tẹ ẹni tó ṣe mí.

Ọ́fíìsì ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, orí omi ni wọ́n bí bàbá mi sí, bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀gá tó wà níbẹ̀ nígbà náà fi yàn mí pé kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹja kó má bàjẹ́, ní ìlú kékeré kan létí òkun Mẹditaréníà. Mi ò tíì lọ́kọ nígbà yẹn. Mo ra bàtà gíga, mo ra báàgì tuntun, mo rò pé ìlú ńlá ni mò ń lọ. Nígbà tí bọ́ọ̀sì já mi sílẹ̀, ohun tí mo rí ni ṣọ́ọ̀ṣì kan, àwọn ilé pẹlẹbẹ tí iyọ̀ òkun ti jẹ ọ̀dà ara wọn, ọkọ̀ apẹja tí wọ́n so mọ́ èbúté, àti ológbò. Ológbò ìlú yẹn pọ̀ ju èèyàn ibẹ̀ lọ. Bàtà gíga náà, n kò wọ̀ ọ́ ju ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ.

Ìlú náà ní ìwà tirẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ kan bá ti ń fẹ́ wá láti gúúsù, ọkọ̀ kankan kò ní jáde. Gbogbo ọkùnrin á jókòó síwájú ilé ọtí, wọ́n á máa ta káàdì, wọ́n á sì máa bá ara wọn jà lórí ohun tí bàbá ẹnìkan ṣe fún bàbá ẹnìkejì nígbà tí wọn ò tíì bí ẹnì kankan nínú wọn. Bó bá di ọ̀sán, wọn á ti gbogbo ilẹ̀kùn, ìlú á pa lọ́lọ́, o ò ní rí ẹni ta omi fún ọ. Nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn á wẹ̀, wọ́n á wọ aṣọ tó dáa, wọ́n á wá máa rìn láti orí èbúté dé ìdí rẹ̀, wọ́n á yí padà, wọ́n á tún rìn ín. Wọn kò lọ síbì kankan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí wọn, mo rò pé wọ́n ń sin òkú, mo sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè kọjá.

Wọn kì í kí àlejò. Wọ́n á kàn máa wò ọ́ bí àwọn ìyá ọkọ ṣe ń wo ìyàwó tuntun tó ń gúnyán. Èmi náà wò wọ́n padà, ojú ò tì mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ tó tóbi jù níbẹ̀ wọlé pẹ̀lú ẹja tó pọ̀ ju ọwọ́ tó wà nílẹ̀ lọ, yìnyín sì ti ń yọ́. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo mú ọ̀bẹ, mo jókòó ti àwọn obìnrin, mo ń la ikùn ẹja bí mo ṣe rí i tí àwọn àbúrò bàbá mi ń là á. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kí mi, tí obìnrin oníbúrẹ́dì sì ń bi mí bóyá mo sun dáadáa.

Láìpẹ́, wọ́n fún mi ní korobá. Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé èyí, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ìkọ́ irin wà lára ògiri èbúté wọn, ó tò lọ rẹrẹ, ilé kọ̀ọ̀kan ní ìkọ́ tirẹ̀, korobá ilé náà ló sì máa ń wà lórí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dé, ẹja ńlá á lọ sí gbàǹjo. Àwọn wẹ́wẹ́ tí kò yẹ ní gbígbé lọ sí gbàǹjo, oríṣiríṣi tó dà pọ̀ mọ́ra wọn, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ẹja ìpín. Ọ̀gá ọkọ̀ á gbé e, á máa bù ú sínú korobá kọ̀ọ̀kan, ti àwọn opó lákọ̀ọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó ń tọrọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń dúpẹ́. O lè jẹ ẹ́, o lè fún aládùúgbò, o lè fún ológbò. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ èèwọ̀ ni kí o tà á. Ẹni tó bá ta ẹja ìpín, wọ́n á já korobá rẹ̀ kúrò lórí ìkọ́, wọ́n á dojú rẹ̀ bolẹ̀ sábẹ́ ìkọ́ náà. Kò ní sí ìpàdé, kò ní sí ariwo, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ mọ́ ní ìlú yẹn.

Onílé mi ló là mí lọ́yẹ̀. Opó ni, òkun ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ, aṣọ dúdú ló ń wọ̀ lójoojúmọ́, kò sì ga ju èjìká mi lọ. Màmá ni mò ń pè é, òun náà ń pè mí ní ọmọ mi. Òun ló kọ́ mi ní èdè èbúté, tí kì í ṣe Italian tí wọ́n ń kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ tí kíláàsì mi bá pẹ́, ó máa ń gba èbúté lọ, á gbé korobá tirẹ̀, á gbé tèmi náà, n ó sì dé bá ẹja díndín lórí tábìlì pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn obìnrin náà gan-an. Ìyá tó bí mi gan-an kò mọ oúnjẹ tó wù mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá ọkọ̀ ńlá yẹn ni olórí gbogbo wọn, bí wọn kò tilẹ̀ fi í jẹ oyè kankan. Àyà rẹ̀ gbòòrò, ohùn rẹ̀ dùn, òun ló ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun náà ló ń bu ìpín. Bó bá dé ìdí korobá mi, á bù ú, á lọ. Kò wo ojú mi rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo dé èbúté, mo bá korobá mi nílẹ̀, ojú rẹ̀ wà nínú iyanrìn. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ló já a bọ́. Mo gbé e, mo gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù, mo sì fi í kọ́ padà. Ariwo èbúté dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá ọkọ̀ ju okùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn wá, ó já korobá náà lójú mi, ó sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Mo ní, "Kí ni mo ṣe?" Ó ti ń lọ. Mo pariwo tẹ̀ lé e, "Kí ni mo ṣe fún yín?" Àwọn obìnrin tí mo bá la ikùn ẹja tẹ orí mọ́ iṣẹ́ wọn. Mo lọ ra búrẹ́dì, oníbúrẹ́dì wo orí mi kọjá, ó ń dá ẹni tó wà lẹ́yìn mi lóhùn.

Màmá ló sọ ọ́ fún mi nílé. Kò gbé ojú sókè. Ó ní ẹnìkan rí ẹja ìpín ní ilé oúnjẹ kan nínú ìlú orí òkè, tí wọ́n ń dín in fún àwọn arìnrìn-àjò. Ó ní wọ́n mọ̀ pé ará èbúté ló ń tà á, èmi nìkan sì ni àlejò. Mo búra. Mo fi bàbá mi búra, mo fi òkun Ìlàjẹ búra, n kò mọ ọ̀nà tó lọ sí orí òkè náà. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ gbà mí gbọ́?" Ó ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́, ọmọ mi," ó sì bú sẹ́kún. Èmi ni mo tún wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Mo parí ẹ̀kọ́ mi láàárín àwọn èèyàn tó ń ṣe bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Bí mo bá jáde sí ìrìn ìrọ̀lẹ́, wọ́n á yà fún mi bí ẹni ń yà fún adẹ́tẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń padà sílé, ọ̀gá ọkọ̀ wà nítòsí ibùdókọ̀, ó rí mi pẹ̀lú ẹrù mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo wo ẹ̀yìn náà dáadáa. Mo sọ nínú mi pé ìwọ ọkùnrin yìí, ayé kò fẹ̀ tó bí o ṣe rò.

Mo dé Abuja, mo lọ́kọ, mo bímọ, a kó lọ sí Kubwa. Bí a bá há sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ láàárọ̀, àwọn èrò ọkọ̀ á máa gbàdúrà, èmi á máa ṣètò ohun tí n ó sọ fún ọ̀gá ọkọ̀ náà. Mo ti sọ ọ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Nígbà mìíràn mo ń kígbe, nígbà mìíràn mo ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ló máa ń sunkún nígbà gbogbo. Màmá nìkan ni mo ṣì ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ń pè mí ní Kérésì àti Àjíǹde, nígbà tó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, ó ń fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí kò bá tilẹ̀ ní nǹkan kan láti sọ.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa, ọmọ Èkìtì tí kì í rìn, sísáré ló ń sáré ká ọ́fíìsì, yọ orí sí mi. "Madam, àwọn Italian yẹn ti dé o. Àwọn tó fẹ́ máa kó frozen fish wá. Ìwọ nìkan lo gbọ́ èdè wọn ní floor yìí, please dìde." Mo dìde. Mo wọ yàrá ìpàdé, ọkùnrin náà sì dìde láti bọ̀ mí lọ́wọ́. Irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n àyà yẹn náà ni, ohùn yẹn náà ni. Òun ni.

Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní inú òun dùn láti mọ̀ mí. Láti mọ̀ mí! Kò dá mi mọ̀ rárá. Mo ti rò pé korobá yẹn ni ohun tó dùn mí jù, àṣé n kò tíì rí nǹkan kan. Ọkùnrin yìí ba orúkọ mi jẹ́ tán, kò sì ka ojú mi sí ohun tó yẹ kó rántí.

Ó ṣí páálí ẹja tó gbé wá. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Ẹja wẹ́wẹ́ ni, oríṣiríṣi tó dà pọ̀ mọ́ra wọn. Mo mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ti jẹ gbogbo wọn láti inú korobá mi.

Mo bi í ní ohùn jẹ́jẹ́, "Ẹja kí ni èyí, ọ̀gá?"

"Àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í rà lọ́dọ̀ wa ni."

"Ta ló wá ń jẹ wọ́n lọ́dọ̀ yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn arúgbó, àti ológbò."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá wa gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Ọ̀gá wa pa àtẹ́wọ́. "Kai! Wọ́n á ra èyí ní Mpape, wọ́n á rà á ní Gwarinpa, wọ́n á sì yan án. Sọ fún un pé a ti gbà." Mo sọ fún un. Àwọn méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́.

Mo lè pariwo níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni Abuja fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Kò sí òfin tó ní kí ará Ítálì má ta ẹja wẹ́wẹ́ fún wa. Àwọn tó lè dá ẹjọ́ yìí kò sí nínú yàrá yẹn, wọ́n wà níbi tí ògiri wọn wà. Mo ní kí ó dúró ti páálí náà kí n ya fọ́tò rẹ̀ fún fáìlì wa. Mo ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀." Kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló rín, ó bu ẹja náà kún ọwọ́ méjèèjì, ó gbé e sókè. Mo yà á, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Màmá. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo ẹni tó wá ta ọjà ní Abuja."

Lọ́jọ́ kejì, ọ́fíìsì ní kí n sin ín lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ó jókòó tì mí lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi tuntun tí òun máa kàn. Fóònù rẹ̀ dún. Ìyàwó rẹ̀ ni, ó ń pariwo débi pé dírẹ́bà wa bojú wẹ̀yìn. Ó ní korobá wọn wà nílẹ̀. Ó ní òun lọ ra búrẹ́dì, wọn kò dá òun lóhùn. Ó ní fọ́tò kan wà lọ́wọ́ gbogbo ìlú, kí ló ṣe ní ibi tó lọ yẹn? Ọkùnrin náà gbé fóònù náà lé itan rẹ̀ nígbà tí obìnrin náà ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Mo jẹ́ kí a rìn díẹ̀. Mo wá yí sí i, mo fi èdè èbúté bá a sọ̀rọ̀. "Ó ti ṣe mí rí. Oúnjẹ kì í lọ lọ́fun lọ́jọ́ àkọ́kọ́."

Ó yí orí, ó wò mí. Ìgbà yẹn ló tó rí mi láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo rí i bó ṣe ń rántí mi díẹ̀díẹ̀, n kò jẹ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ó ní, "Ìwọ."

Mo ní, "Èmi ni."

"Kì í ṣe èmi nìkan ló dá ẹjọ́ yẹn. Wọ́n sọ fún wa pé—"

"Ọwọ́ rẹ lo fi já korobá mi. Mo dúró níbẹ̀."

Nígbà tí a dé, dírẹ́bà fẹ́ bá a gbé ẹrù, mo ní kó fi í sílẹ̀, ó lágbára. Mo dúró títí ó fi wọlé. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi lálẹ́, mo ń jó bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ní, "Mummy, ó ti tó báyìí o. Fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀." Mo ní ẹnu rẹ̀ ló ti tó, kò tíì tó nínú mi.

Kò sì tíì tó lóòótọ́, torí Màmá ń fi ohùn ránṣẹ́, èmi náà ń gbọ́ ọ léraléra. Wọn kò ra ẹja ọ̀gá ọkọ̀ náà mọ́ ní gbàǹjo. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi í sílẹ̀. Kò lé orin mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí. Níkẹyìn, ó ta ọkọ̀ náà fún ẹnìkan ní èbúté ìlú mìíràn, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì kó lọ. Ọjọ́ yẹn, mo ra adìẹ. Màmá sọ pẹ̀lú pé láti ìgbà tí ọkọ̀ ńlá yẹn ti lọ, ìpín kò tó nǹkan mọ́, pé ọkọ̀ kéékèèké tó kù kò rí ẹja tó, pé àwọn opó máa ń padà sílé lọ́wọ́ òfo. Mo ní ó mà ṣe o. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́.

Màmá pè mí ní ọjọ́ Ìsinmi kan tó sún mọ́ Kérésì. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ń dín àlùbọ́sà, ọkọ mi wà ní pálọ̀. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀, ó ní òtútù mú. Mo fẹ́ mú inú rẹ̀ dùn. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa dúpẹ́. A ti gbẹ̀san, èmi pẹ̀lú yín."

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Ọmọ mi," ó ní, "èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo ń ta ẹja inú korobá rẹ. Lọ́jọ́ tí kíláàsì rẹ bá pẹ́. Ọkùnrin ilé oúnjẹ yẹn máa ń dúró dè mí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo pa iná. Àlùbọ́sà náà ti jó.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn pé èmi ni?"

"Rárá. Ọ̀gá ọkọ̀ wá bi mí bóyá ìwọ ni. Mi ò sọ nǹkan kan." Ó ń mí lókè lókè. "Ìwọ máa lọ, ọmọ mi. O ní ibi tí o máa lọ. Èmi, ibí ni wọ́n máa sin mí sí."

Mo rántí bí mo ṣe ń nu omi ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo rántí fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, àti ẹni tó sáré gbé e ká ìlú. Nọ́ńbà ọ̀gá ọkọ̀ ṣì wà lórí fóònù mi láti ọjọ́ ìpàdé, Màmá sì mọ̀.

Ó ní, "Ṣé o máa sọ fún wọn?"

Mi ò sọ nǹkan kan.

"Ọmọ mi, ṣé o máa sọ fún wọn?"

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo jẹ́ kó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì pa fóònù.

Ọkọ mi ké láti pálọ̀, ó ní, "Mummy, ta nìyẹn?"

Mo ní, "Ẹnìkan ló ṣi nọ́ńbà pè."